Ìwádìí Tí Ràmọ́nì Ṣe

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ilé wa kò mọ́! Ràmọ́nì, bàbá Kíkẹ́, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri Ìsẹ́yìn. Ó ṣe ìwádìí wa kí ó tó fi ọmọ rẹ̀ fún Àsánì ọmọ mi, ìwádìí náà sì kan ẹ̀tẹ̀ tó mú bàbá Àsánì. Kò purọ́. Ẹ̀tẹ̀ jẹ ọkọ mi níka kí oògùn tó borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà láti ìgbà ìyàwó, ẹ wá wo ara mi!

Àsánì kò jẹun mọ́ láti ìgbà tí Ràmọ́nì ti ní òun kò fọmọ fún un mọ́. Kíkẹ́ náà ń sunkún nídìí òwú tó ń ká.

Lọ́dún náà, 1984, ni Dókítà Àpọ́nlé wá yẹ ará agbo ilé wa wò. Mo bi í léèrè ìdí tí ẹ̀tẹ̀ fi fò mí.

"Màmá, kòkòrò rẹ̀ ti dé ara yín. Ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn, ohun tí a jogún lára bàbá àti ìyá ló ń pàṣẹ fún wọn. Tiyín dá kòkòrò náà mọ̀, wọ́n lé e. Ti bàbá Àsánì kò tètè mọ̀ ọ́n lọ́tàá. Ọmọ yín sì mú díẹ̀ lára ẹ̀yin méjèèjì."

Háà! Ogun jà nínú mi, ó tán, n kò gbúròó! Orí mi wú. Olúwa Ọba, iṣẹ́ rẹ mà pọ̀ o!

Ràmọ́nì, tó wá wòran, yọ ṣùtì. "Ẹ yẹ èmi náà wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́!" Ó bọ́ dàǹṣíkí. Àmì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó funfun ju ara yòókù lọ, èélá ló ń pè é. Dókítà ní kó dijú, kó sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá kàn án, ó wá fi òwú kan àmì náà.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà!" ni Ràmọ́nì wí.

Dókítà ti ṣe é tán. Ẹ̀tẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ara kú bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tí kò tẹsẹ̀ sílé wa rí ṣáájú ọjọ́ náà! Àwọn tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Dókítà ní oògùn wà, yóò san, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ràmọ́nì di dàǹṣíkí mọ́ àyà, kò lè gbójú sókè. Àbúrò ọkọ mi sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé Ọlọ́run ti gbẹ̀san, kí àwa náà kọ̀ wọ́n. Mo ní kó panu mọ́.

Mo lọ dúró tì í. "Bàbá Kíkẹ́, ọjọ́ wo ni ká wá ṣe ìdána?"

"Ẹ ṣì ń fẹ́ wa?"

"Ṣé ẹ̀yìn yín ni Àsánì fẹ́ gbé níyàwó ni?"

Ẹ̀rín pa á, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo gba dàǹṣíkí lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a wọ̀ ọ́.