Ọ̀rọ̀ Tí Kò Yọjú

Látìgbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ́ nínú ilé wọn ní Igbó-Elérin. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì lè kàwé, ṣùgbọ́n ẹnu ò gbé e. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Bímpé ọmọ wọn, tó ń fi ṣíṣe áàpù jẹun, ní òun á ṣe ọ̀kan fún wọn. Ọ̀rọ̀ á tò sójú fóònù, bàbá á máa fi àtàǹpàkò yí i lọ sókè sódò, èyí tó bá dúró láàárín ni fóònù á sọ jáde. Iṣẹ́ kékeré ló pè é.

Iṣẹ́ kékeré kọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣí i, nọ́ńbà lásán ló ń yí, kò sí ọ̀rọ̀ kan. Ó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ yọ, àmọ́ ìdí rẹ̀ gé: "Ó ń dùn mí" di "Ó ń dù". Ó tún ìyẹn náà ṣe, ni áàpù bá ń kú fúnra rẹ̀. Bímpé pòṣé títí ó fi sú u.

Nígbà tí áàpù náà wá ṣiṣẹ́, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà lójú rẹ̀: Omi. Oúnjẹ. Oorun. Ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ń dùn mí. Wọ́n yí i dópin, wọ́n yí i padà, wọn ò dúró lórí ọ̀kankan. Wọ́n bá ti fóònù náà dànù.

"Dádì, kí ló dé?"

"Ohun tí wọ́n ń wá ò sí níbẹ̀ ni," Janet ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ṣé o bi wọ́n kó o tó kọ ọ́?"

Ó dun Bímpé, nítorí kò bi wọ́n. Òun àti ìyá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, ẹnu wọn ń já lu ara wọn: ṣé pásítọ̀ ni, ṣé fáànù ni, ṣé ẹ fẹ́ jáde? Bàbá fi ọwọ́ òsì bo etí, wọ́n sì di ojú pinpin.

"Àbí ariwo ni?" Bímpé rọra bèèrè. "Ṣé ká dákẹ́ ni?"

Bàbá mi orí bẹ́ẹ̀ ni, omi lé ròrò sójú wọn.

Ó fi "Ẹ dákẹ́" kún un lójú ẹsẹ̀. Bàbá yí i dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀! Bímpé wo kóòdù náà, àṣẹ tó kọ fún fóònù, tì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ròyìn bí ọmọ ẹnì kan ní Okokomaiko ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wéréwéré.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!"

Àṣé ó fi ọ̀rọ̀ kẹfà síbẹ̀, kò sì sọ fún fóònù pé kó kà kọjá márùn-ún. Ó fẹ́ fi orí gbá ògiri. Ó yí nọ́ńbà náà padà, ó gbé e fún bàbá.

"Ẹ dákẹ́," ni fóònù wí.

"Èmi?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ kí àárò má baà sọ yín!"

"Ẹ dákẹ́."

Ìyá rẹ̀ rojú, ó dìde, ó fẹ́ jáde. Bàbá na ọwọ́ òsì, wọ́n di etí ìró rẹ̀ mú ṣinṣin. Ó padà jókòó, kò sì sọ nǹkan kan.