Ẹ Má Kí Ara Yín Nínú Ilé Yìí

Mo kí yín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú oorun ìkẹyìn. Ó tọ́ kí n fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìkíni ló dá wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀, ní ìlú Osaka nílẹ̀ Japan níbí.

Ariwo kan bẹ́ nínú lífìtì bí ẹni tẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́rùn.

Màmá Tokie fi ẹ̀yìn lu ògiri. Ọsàn tó mú lọ́wọ́ bọ́, ó yí lọ síbi ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin tó dúró ní igun kejì. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó gbé báàgì ilé-ìwé pupa kọ́ ẹ̀yìn, ó sì di okùn kékeré kan mú, èyí tó fà yọ lára ẹ̀rọ ìdágìrì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń so mọ́ báàgì wọn. Ẹ̀rọ ń ké. Ọmọ kò ké. Ojú ló là sílẹ̀, ó ń wo Màmá Tokie bí ẹni ń wo ajá dìgbòlugi.

"Jésù! Kí ni mo ṣe?" ni Màmá Tokie wí. "Ọmọ mi, mo ní kí n kí ọ ni o! Káàárọ̀ lásán ni mo wí!"

Lífìtì ṣí nísàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara, baba tó ń tọ́jú ilé náà, ti ń sáré bọ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó tẹ ẹ̀rọ náà, ariwo dákẹ́. Ọmọ náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ilé-ìwé.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin ni àlejò ilé Mizoguchi?" ni Kuwabara béèrè.

"Èmi ni ìyá Kosaku. Erékùṣù ni mo ti wá. Bàbá, ẹ gbọ́ mi ná. Mo kí ọmọ yẹn, mo bi í pé ọmọ ta ni, mo sì na ọsàn sí i. Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le koko. Ẹ̀yin lẹ ṣèèṣì." Ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ìwé funfun kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì lífìtì. "Ẹ kà á."

Màmá Tokie ti rí ìwé náà lánàá, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó kà á, ó tún un kà. "Ìpàdé àwọn onílé ti fẹnu kò: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí ara yín nínú ilé yìí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Osaka! Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ràn yẹ̀yẹ́."

Kuwabara kò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá. A ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá kí wọn, kí wọ́n sá. Àwọn àgbà wá ń bínú pé àwọn kí ọmọ, ọmọ ò dáhùn. Wọ́n ní kí kálukú kúkú pa ẹnu rẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ta ló ń kí yín?"

Baba náà wo ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Àwọn ẹyẹlé," ni ó wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tí Màmá Tokie dé. Kosaku, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ránṣẹ́ pè é. Nígbà òtútù tó kọjá ni ìyá náà ṣubú sáàárín ebè ọ̀dùnkún rẹ̀ ní erékùṣù wọn ní Goto, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán. Láti ìgbà náà ni ọkàn Kosaku kò ti balẹ̀ mọ́. "Màmá, ẹ wá wo ilé wa ná," ni ó wí lórí fóònù. "Yàrá yín ti wà nílẹ̀. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ò padà mọ́ nìyẹn." Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé erékùṣù sì ti tóbi jù fún ẹnì kan. Tọkọtaya kan láti Fukuoka ti ń béèrè bóyá Màmá yóò ta ilé náà fún àwọn, Kosaku sì ní òun fẹ́ gbọ́ èsì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Màmá Tokie gbàdúrà sí i, ó kó ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi. Kò tíì sọ pé òun gbà, kò sì tíì sọ pé òun kọ̀.

Ìlú náà bà á lẹ́rù, ó sì wù ú. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ bí agbo sadíìnì nínú omi, wọ́n ń yà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan kò sì kọlu ẹnìkan. Nígbà tó wọ ọkọ̀, ó tẹ̀ríba fún gbogbo èrò, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o!" Kò sẹ́ni tó gbójú kúrò lára fóònù. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ẹkùn ké sí i láti ẹ̀yìn.

"Ìyá, apá ọ̀tún la ń dúró sí! Àbí ẹ fẹ́ bá wa sáré ni?"

"Sáré kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó tọwọ́ bọ báàgì, ó fún un ní súìtì kan. Màmá Tokie sọ nínú ara rẹ̀ pé, ibi tí ẹ̀rín bá wà, ènìyàn lè gbé ibẹ̀. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ìta ni ìta, ilé ni ilé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ lífìtì yẹn, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ó gbé omi tíì kaná, ó gbàgbé rẹ̀, omi gbẹ. Ó lọ sójú fèrèsé, ó wo òrùlé lórí òrùlé títí dé ibi tí ojú mọ, kò rí òkun. Ó mú rósárì, àdúrà sá mọ́ ọn lẹ́nu ní ìdajì ọ̀nà. Ó ní kí òun kúkú jáde. Ó dé ẹnu lífìtì, ó gbọ́ tó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀, ó sá padà wọlé bí olè.

"Èmi Tokie," ni ó ń wí, "èmi ni mo ń sá fún ènìyàn."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, aago ẹnu ọ̀nà dún. Ìyá ọmọdébìnrin inú lífìtì ni, Arábìnrin Tatsumi. Chizuru, ìyàwó Kosaku, ló ṣílẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ríba lemọ́lemọ́.

"Ẹ dárí jì wá. Ìyá ọkọ mi ni. Wọn ò mọ̀, erékùṣù ni wọ́n ti wá."

"Ó yé mi." Ohùn obìnrin náà tutù bí yìnyín. "Ohun tí a kọ́ ọmọ mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n kò lè jẹun nílé-ìwé lónìí. Ẹ ṣáà bá wa sọ fún wọn."

Ẹ̀yìn Chizuru gan-an ni Màmá Tokie dúró sí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó lanu láti bẹ̀bẹ̀, ó sì rántí pé ẹnu yẹn gan-an ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó pa á dé. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Áà, rárá, Màmá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Obìnrin náà sún sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Mo... ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó tẹ̀ríba, ó yára lọ.

Chizuru ti ilẹ̀kùn, ó fa ìyá ọkọ rẹ̀ dìde. "Ẹ̀yin náà, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún lẹ ìwé mìíràn ni? Ẹ má kúnlẹ̀ nínú ilé yìí?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, Chizuru nu ojú. "Osaka ni wọ́n bí mi sí. Àwa lè bá òkúta tàkúrọ̀sọ. Inú lífìtì yẹn nìkan ni àwa fúnra wa ti ń di òkúta."

"Ta ló mú irú òfin bẹ́ẹ̀ wá, ìyàwó mi?"

Chizuru yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. "Ẹ bi ọmọ yín."

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó ti oúnjẹ alẹ́, ó bi í. Kosaku gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo Koharu, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún méjìlá, ó wo ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo gbé e dìde ní ìpàdé."

"Ìwọ? Ọmọ tí mo tọ́?"

"Koharu ṣì kéré nígbà náà. Ọkùnrin kan wà nínú ilé yìí tó ń kí i láràárọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kí i, ó fún un ní súìtì, ó ní kó bá òun lọ wo ọmọ ológbò. Chizuru ló bá wọn ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Ọlọ́run yọ wá, kò tíì ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọmọ yìí tó lè jáde nílé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ni ẹ ó ṣe lọ́hùn-ún, yàtọ̀ sí kí ẹ máa sunkún?"

"Mo ti dàgbà báyìí," ni Koharu wí jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ wà lórí ìrẹsì.

Màmá Tokie gbé igi ìjẹun tirẹ̀ náà kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà, ó fi í síbẹ̀ pẹ́.

"O ṣe dáadáa, Kosaku," ni ó wí níkẹyìn. "Ká ní mo wà ní ìpàdé yẹn, apá méjèèjì ni ǹ bá nà sókè."

Kosaku mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ó dúró tì wá nìyẹn?"

"Rárá o. N óò padà sílé."

"Màmá! Bí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́? Ta ni yóò rí yín?"

"Ta ló rí mi lẹ́ẹ̀kan?"

"Màmá Fusae aládùúgbò wa ni."

"Báwo ló ṣe rí mi? O kò bi mí rí. Láràárọ̀ ni mo ń ké sí i láti ẹ̀yìnkùlé mi pé, 'Fusae, o jí bí?' Òun náà á ní, 'Mo jí, ikú wá mi tì!' Lọ́jọ́ yẹn kò gbọ́ ohùn mi. Kò bọ́jú, kò jẹun. Ó ń bú mi bọ̀ lójú ọ̀nà: 'Tokie, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́ tí o kò fi kí mi?' Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá mi láàárín ebè." Ó wo Koharu. "Ohun tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ lọ níhìn-ín, òun náà ló gbé èmi dìde lọ́hùn-ún. Èmi ò lè dá ẹjọ́ náà, Ọlọ́run ló lè dá a. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú ní yàrá tí o tọ́jú fún mi yẹn, tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ti lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé mi ò kí òun láàárọ̀ yẹn?"

Chizuru ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àwọn tó ń béèrè ilé náà ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún wọn pé onílé ṣì ń mí."

Kosaku dìde lójijì, ó mú fóònù, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Tokie rò pé inú ń bí i. Ó fẹ́ tẹ̀ lé e, Chizuru dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màmá Fusae? Èmi ni, Kosaku ọmọ Tokie. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé Màmá ń padà bọ̀..."

"Kosaku!" Ohùn arúgbó náà bú jáde nínú fóònù, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé kò mú yín jù? Ọ̀dájú ọmọ, o ti gbàgbé wa! Irun ṣì wà lórí rẹ àbí ó ti pá bíi ti baba rẹ?"

Kosaku kì í fi fóònù sétí pẹ́. Ohun tó bá fẹ́ sọ ló ń sọ, á sì pa á. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra yọ́ wálẹ̀ títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀, ó sì ń dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Àlàáfíà ni, mà. Ìyàwó wà dáadáa. Iṣẹ́ ń lọ. Irun ti ń lọ, mà, ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Yóò ti ga o!"

Kosaku gbójú sókè. Koharu ti dìde nídìí oúnjẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Baba rẹ̀ kàn na fóònù náà síwájú, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wo fóònù. Ó wo ojú baba rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sétí.

"Ẹ káalẹ́, mà," ni ó wí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ìhín, kí Olúwa ṣọ́ àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ aṣebi ẹlẹ́rìn-ín. Kí ó má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè yín. Àmín.