Ìdajì Rọ́bà

Ní agboolé wọn n'Ísàlẹ̀ Gángan, Àlímọ̀t kì í lo nǹkan lódindi. Á gé ọṣẹ sí méjì, á dá kọ́ìlì ẹ̀fọn sí méjì, ọbẹ̀ méjì ni máàgì kan ń sè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ebi ò pa ọ̀kan nínú wọn rí. Irú ọgbọ́n yẹn ló lò lọ́jọ́ tó gé rọ́bà ẹ̀rọ iná tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ Jíbrílù ọkọ rẹ̀, èyí tí iná ń gbà wọ ara, sí méjì, kó lè pẹ́. Kò dín iná kù. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú, kò mọ ìgbóná, kò mọ ìrora. Òórùn ló sọ fún wọn pé ẹran ara ń jóná. Egbò yẹn ò sì jinná títí wọ́n fi sin ín.

Láti ìgbà náà ni Àlímọ̀t ti ń gbọ́ òórùn yẹn nínú yàrá, pàápàá tó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá mú apá òsì rẹ̀, Qaanitah, ọmọọmọ rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú iṣan, gbé irú ẹ̀rọ náà wá. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí wọn ò bá tètè tọ́jú apá náà, ṣe ni yóò ká gan mọ́ ọn láyà títí ayé. Ẹ̀rù ń ba Qaanitah alára, torí òun náà ti ń gbọ́ òórùn ọ̀hún.

Ó gbé rúlà lé rọ́bà tuntun.

"Mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gígùn, mẹ́rìndínlógún nìyẹn, Màámà. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì miliámpù iná lọ, kí ara má bàa jó. So, mẹ́jọ ni òpin wa."

"Tí wọ́n bá gé e sí méjì ńkọ́?"

Qaanitah fọwọ́ bo ìdajì rọ́bà náà. "Òpin á di mẹ́rin. Ẹrù tí èèyàn mẹ́rìndínlógún ń rù ni, Màámà. Tí mẹ́jọ bá sá, ẹrù àwọn tó kù á di ìlọ́po méjì."

Àlímọ̀t mi orí, ó na apá náà sílẹ̀ fún un. Inú Qaanitah dùn. Ó fi aṣọ tútù sábẹ́ rọ́bà, ó fi kílíìpù mú un, ó fi iná sí mẹ́fà péré. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ó pa ẹ̀rọ náà, ó lọ bu omi àlùwàlá.

Nígbà tó máa fi dé, òórùn ti gba yàrá. Ó rò pé ti àtẹ̀yìnwá ni, àfìgbà tó rí i pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lórí mẹ́jọ. Rọ́bà tuntun wà nílẹ̀. Èyí tó wà lápá ìyá ti gbó, ó ti pọ́n létí: ìdajì tó ṣẹ́kù lọ́jọ́sí ni, tí Àlímọ̀t ti ká mọ́nú ẹní ìrun rẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Qaanitah fa wáyà yọ. "Màámà, kí lẹ ṣe yìí?"

"Wọ́n ní kò dun Alájì ọkọ mi. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ rí. Mo ní kí n mọ bó ṣe rí lára ẹ̀."

Qaanitah ṣí rọ́bà. Ara ti pọ́n, ó ti ń lé ròrò. Ó da omi àlùwàlá lé e.

"Ṣé ó dùn yín?"

Àlímọ̀t wo apá náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Kò dùn mí," ló wí. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀ wá já jáde. "Kò dùn mí rárá, Qaanitah."

Ó sunkún títí, ó fi ìborùn nujú. Ó ní, "Tó bá jinná, odindi ni kó o fi sí i."

Qaanitah ní òun ti gbọ́. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì, àmọ́ òórùn náà ò lọ.