Dísìkì Méjì Lórí Tábìlì Kan

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin náà ní Tú-u-wò. Kò tíì rìn dáadáa tó ti ń tú nǹkan wò. Ó tú aago ògiri, ó dì í padà, aago ṣì ń lọ. Ó tú rédíò bàbá rẹ̀, rédíò ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá fi kú. Nígbà tó wá dàgbà, tó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ kọ́, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ tú tará ìta wò, kí tiwa sinmi."

Ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ò ju yàrá gígùn kan lókè ilé ìtàwé lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù tò sára ògiri, okùn iná lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, Dúró-ná ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní tíì na ìka tán tí ọ̀gá á fi ké mọ́ ọn: "Dúró ná! Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kà á kóo tó tẹ̀ ẹ́." Òun ló là á yé wọn pé kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò tó ń darí rẹ̀, irin lásán ni. Òun náà ló sọ fún wọn pé ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ nínú dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, kì í lọ lójú ẹsẹ̀.

"Orúkọ ayálégbé lẹ pa rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà," ó ní. "Ayálégbé fúnra rẹ̀ ṣì jókòó sínú yàrá. Àmọ́ tí ayálégbé tuntun bá ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, ó parí nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n Tú-u-wò ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní tiẹ̀. Ìwé àṣekágbá kan ṣoṣo ló kù kó kọ kó tó parí. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó bímọ tí ọmọ ò yè ló ń kọ. Ó jókòó tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ohun tí wọn ò lè sọ fún ọkọ wọn. Ó sì búra fún wọn pé ẹlòmíràn ò ní fojú kan ìwé tóun fọwọ́ kọ. Bó ṣe tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tán, ó kó ìwé jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó dáná sun ún. Ohun tí wọ́n sọ ò sí níbòmíràn láyé mọ́ àfi inú ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ̀rọ ọ̀hún sì ti gbó. Láàárọ̀ ọjọ́ tọ́ràn yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbé e lé orí tábìlì, ó ń múra ibiṣẹ́.

"Dókítà ẹ̀rọ, mo lè lọ wẹ̀ kí n padà dé kí nǹkan yìí tó ṣí. Bá mi tún un ṣe. Àmọ́ má ṣe é bíi rédíò Bàbá o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, rédíò yẹn ti ń ṣàìsàn kí n tó fọwọ́ kàn án."

"Ìwọ gan-an ni àìsàn ọ̀hún!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mi ò lè padà lọ bi àwọn obìnrin yẹn léèrè lẹ́ẹ̀kejì. O gbọ́?"

"Màá kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìyá wọn tó ń ká aṣọ dá sí i láti yàrá: "Ẹ̀rọ tó ti ń mí gúlegúle látọjọ́ yìí. Bó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ta ni yóò bá a wí?"

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tú-u-wò ki dísìkì tó yá níbi ẹ̀kọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó da iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí i, ó ṣí i wò, ó pé. Ó yẹ kó yọ dísìkì náà nígbà yẹn, kó gbé e jìnnà. Kò yọ ọ́. Ó ní kò ní pẹ́ tóun á fi dá nǹkan padà sínú ẹ̀rọ, kí lòun ń yọ ọ́ sí? Ẹ ò rí i pé ibi tọ́ràn ti wọlé nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ètò tuntun sínú ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ fi dísìkì méjì hàn án, bákan náà ni wọ́n tóbi: ti inú ẹ̀rọ lókè, èyí tó yá nísàlẹ̀. Ó mú ti òkè, ó ní kí ẹ̀rọ nù ún mọ́. Iṣẹ́ dé ìdajì, iná lọ. Bátìrì ẹ̀rọ ti kú tipẹ́, ni gbogbo rẹ̀ bá ṣú.

Nígbà tí iná dé, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Dísìkì méjì tún jáde. Àmọ́ ẹ̀rọ ti pa ipò wọn dà: ti òkè ti sọ̀ kalẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ti gòkè. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-rín. Ọ̀gá ò sí nítòsí tí ì bá ké mọ́ ọn. Ó tẹ ti òkè bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ó fẹ̀yìn ti àga. Nọ́ńbà tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ń gòkè lójú ẹ̀rọ. Ìgbà tó fẹ́ nawọ́ mú omi ló rí iná kékeré ara dísìkì tó yá, tó ń ṣẹ́jú wàràwàrà. Dísìkì tó yẹ kó máa sùn!

Ó ka orúkọ tó wà lójú ẹ̀rọ, ó tún un kà. Ti inú, ó ti nù ún nígbà àkọ́kọ́. Èyí tó gbára lé, òun ló ń nù báyìí.

"Ó ti ń parí?" ìyá rẹ̀ béèrè láti yàrá.

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn dísìkì, kò fà á. Bó bá jẹ́ kó parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rọ ti gbó, iná sì lọ lóòótọ́. Ẹlẹ́rìí wo ló tún ju iná lọ? Ìyá rẹ̀ pàápàá ti bá a wí àwíjàre sílẹ̀. Àmọ́ bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ layálégbé tuntun ń gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Irọ́ tó fẹ́ pa yìí, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn ni yóò máa jẹ títí yóò fi yó. Bó bá sì fà á báyìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn.

Nọ́ńbà tún sún sókè. Ó fà á yọ.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ba nǹkan jẹ́."

"Kí lo bà jẹ́?"

"Iṣẹ́ yín. Àti èyí tí mo dà kọ."

Ọmọ tuntun kan ń ké lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, ó ń ké, ó ń ké, lẹ́yìn náà fóònù kú.

Tú-u-wò gbé ẹ̀rọ àti dísìkì lọ bá ọ̀gá níbi ẹ̀kọ́, ó sì tẹ ibi tó wà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀gá ò bú u. Ohun tó bi í ò ju ibi tí nọ́ńbà dé lọ, Tú-u-wò sì sọ fún un. "Ó dáa tóo fà á," ni ọ̀gá wí. "Ti inú ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ju èyí lọ." Ó ki dísìkì bọ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ní kó máa wá ohun tó bá ṣẹ́ kù. Wọ́n jókòó tì í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò kí àbúrò rẹ̀, ọ̀gá nìkan ló kí. Nǹkan ti ń jáde nígbà náà, àmọ́ kò sí èyí tó lórúkọ mọ́. Ṣe ni wọ́n ń ṣí wọn ní ìkọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó jẹ́. Òmíràn pé. Òmíràn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ àmì jágbajàgba.

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó ń kà á sókè: "'Wọ́n ní kí n má wò ó. Mo wò ó. Irun orí rẹ̀...'"

Ibẹ̀ ló ti gé.

"Ó sọ bí irun náà ṣe rí," ẹ̀gbọ́n wí. "Mo mọ̀ pé ó sọ ọ́. Kí ló sọ?"

Ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣí òmíràn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò wo ojú rẹ̀.

Ó ṣí òmíràn.