Ibi tí Wọ́n Fẹ́ Fi Hamid Pamọ́ Sí

Wọ́n ti wẹ Hamid, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sì ti gbé e dé mọ́ṣáláṣí lójú Old Kent Road. Tí wọ́n bá ti kí ìrun Àìlà tán, wọn á kírun sí i lára, ó di ilẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì gbà: ìyá tó bí i.

Sherifat, ìyàwó Hamid, jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Peckham, fóònù létí. Láti Ìwó ni Àlhájà Kúbúrá ti ń sọ pé kí wọ́n fi bàálù gbé ọmọ òun wálé, pé òun kò bímọ kí wọ́n wá gbé e jù nù sáàárín òyìnbó. Sherifat bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́mọ́mù ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Bó bá sin ọkọ rẹ̀ láìgbàṣẹ, ojú wo ló máa fi wo ìyá ọkọ?

Tẹniọlá, ọmọ rẹ̀ tó kọ́ èdè Jámánì ní yunifásítì, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Grandma, ẹ jọ̀ọ́. Bury táwọn òyìnbó ń sọ, kì í ṣe jíjù nù. Láyé àtijọ́, ìdílé kan náà lòun àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe dídáàbò bo nǹkan. Àwọn Jámánì ṣì ní in: bergen. Tí yìnyín bá bo èèyàn lórí òkè, tí wọ́n lọ wú u jáde, bergen ni. Ní Holland, tí wọ́n bá kó ẹrù síbi tí kò ti ní bàjẹ́, bergen ni. Tí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ rì ní Sweden, tí wọ́n fà á wá sébùúté, bärga ni.”

Àlhájà béèrè ẹni tó ní kó kó gbogbo ìyẹn sórí.

“Daddy ni. Wọ́n máa ń ní kí n tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ fáwọn bí ẹ́ńjìnnì.”

Àlhájà ní kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

“Ìyàwó mi, ká tiẹ̀ ní ẹ gbé e wá, wọn ò ní jẹ́ kí n débẹ̀. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Kí ni mo wá ń jà sí?”

Àlhájà tún ní:

“Ẹ lọ fi í pamọ́. Má ṣe dárúkọ ibẹ̀ sí mi létí láéláé.”

Sherifat juwọ́ sí Tẹniọlá pé kó sáré lọ sọ fún lẹ́mọ́mù. Ó ń gbọ́ ẹkún ìyá àgbà láti Ìwó, kò sì lè pa fóònù.