Pínnì Ara Aṣọ Mi

Bàbá Ìfẹ́, ẹ má tíì dìde, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Mo wà níwájú àwọn aláboyún ní ọsibítù, mò ń sọ ohun tí mo máa ń sọ látìgbà tí mo ti bí Ìfẹ́ wa, tí ètè òkè rẹ̀ là: pé ètè lílà kì í ṣe iṣẹ́ ayé, pé pínnì tí aláboyún ń fi sára aṣọ láti lé ẹ̀mí burúkú kò lè dá a dúró. Àpótí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọsibítù nígbà tí mo bí i ni mo rù, bí ẹni ń kiri búrẹ́dì, Ìfẹ́ sì jókòó sínú rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Gbogbo wọn di pínnì wọn mú, wọ́n ń fura sí mi. Ọ̀kan ní, “Ta ló rán ẹ sí wa?” Ni àwọn pínnì náà bá ń fò kúrò lára wọn, wọ́n ń há mọ́ aṣọ tèmi, títí mi ò fi lè mí mọ́.

Mo jí. Mo fọwọ́ kan ẹ̀wù tí mo wọ̀ sùn, pínnì kan wà níbẹ̀ ní tòótọ́, lọ́gangan ikùn, èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀.

Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún pé mo tún lóyún.