Ohun Tí Tíṣà Herbert Pe Irun Mi

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ìjọ wa ní Ìgbèìn máa ń ṣe Gálílì ní pápá ilé ìwé kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọkùnrin a fa okùn: àwọn onírùngbọ̀n lápá kan, àwọn tó ní mọ́sítáàṣì, ìyẹn irun òkè ètè nìkan, lápá kejì. Tíṣà Herbert, tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí àwọn onímọ́sítáàṣì.

Lọ́dún tó kọjá, mo di okùn mú lọ́dọ̀ àwọn onírùngbọ̀n. Tíṣà fọn fèrè.

"Dáramọ́lá, jù ú sílẹ̀! Bíádì tìrẹ dà?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, níbi tí irun ti sọ̀ kalẹ̀ láti etí.

"Sáídìbọ́ọ̀dù nìyẹn! Ẹni tó bá pẹ́ nílé ìwé á mọ̀ pé àgbọ̀n ni bíádì ń gbé. Lọ bá àwọn ìyá ṣọ́ kúlà."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Priscilla ìyàwó mi náà rín in. Mo ṣọ́ kúlà. Mi ò mu nínú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, abẹ kò kan àgbọ̀n mi mọ́. Tìpà ni mo ń wà ní Ewékorò. Eruku símẹ́ńtì a sọ irun náà di funfun. Priscilla ní òun ò fẹ́ wòlíì Mósè lórí ibùsùn.

"Ẹ gé e, bàbá Jedidiah. Ṣé ọ̀rọ̀ tó ti kọjá láti èṣí náà ni?"

"Ọdún ló kọjá. Ọ̀rọ̀ ò kọjá."

Nígbà tí ọjọ́ pé, òjò ti rọ̀ sí pápá. Mo ya irùngbọ̀n mi, mo di okùn mú níwájú. Tíṣà yí mi ká bí ẹni tó ń yẹ àgbò wò lọ́jà. Kò rí àbùkù kankan.

"Irun kì í fa okùn," ó ní.

"Ẹ di tiyín mú, sà."

Fèrè dún. Wọ́n fà wá, ẹsẹ̀ wa ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ri gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rántí kúlà. Mo fà á! Àwọn ìyá ń pariwo, "Onírùngbọ̀n, ẹ má gbà!" Lójijì, ẹsẹ̀ Tíṣà yọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wó lé ara wọn, a sì wọ́ wọn kọjá ààlà nínú ẹrẹ̀.

Mo nawọ́ sí Tíṣà. Bó ṣe fẹ́ dì í mú, mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Ẹ kú ewu, sà. Kí là ń pe èyí?" Mo di àgbọ̀n mi mú.

"Dáramọ́lá, gbé mi dìde jàre."

"Àwọn ìyá fẹ́ gbọ́, sà."

"Bíádì ni."

"Wọn ò gbọ́ lábẹ́ máńgòrò lọ́hùn-ún."

"Bíádì ni o!" Ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ fi fò.

Mo fà á dìde. Wọ́n gbé mi sókè yí pápá ká, Priscilla ló ń dárin.